Ọwọ́ Tèmidire Lórí Àyà Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Ní Sátidé tí ọkàn ìyá ọkọ rẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́, Tèmidire ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi ṣì dúró rẹpẹtẹ níwájú géètì ilé wọn ní Ugbor, ní ìlú Benin, atẹ́gùn sì tutù. Èyí ló mú kí màmá àgbàlagbà náà ní kí wọ́n gbé àga òun kúrò ní pálọ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún tí ń dùn ún sórí àpótí. Tèmidire jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé atẹ ẹ̀wà sórí itan.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni màmá náà. Ní Ìkìrun, Ìyá Àkànní ni wọ́n ń pè é, torí pé Àkànní ni oríkì Ọláoyè, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ó bí, tí í ṣe ọkọ Tèmidire. Ọláoyè ń ta ọ̀dà ìkunlé ní New Benin. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó ti lọ gbé ìyá rẹ̀ wá kí wọ́n lè bá a tọ́jú orúnkún. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún ni wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru màmá ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, pé kí ó máa lo oògùn, kí wọ́n sì dín iyọ̀ oúnjẹ rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé.

Kì í ṣe pé ìyàwó àti ìyá ọkọ ń jà tẹ́lẹ̀. Ìfararora ni kò sí. Ọdún mẹ́sàn-án ni Tèmidire ti ń kúnlẹ̀ kí i, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò sì bá a jókòó lórí àga kan náà rí. Ó bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, ó sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, Màmá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó sọ fún Ọláoyè pé ìyàwó rẹ̀ ń fi oúnjẹ tí kò níyọ̀ pa òun díẹ̀díẹ̀. Tèmidire ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Kaṣíà ni ní báǹkì kan ní Sapele Road, àwọn oníbàárà sì ti fi gbogbo ọjọ́ náà pariwo lé e lórí. Ó rẹ̀ ẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ó dá ìyá ọkọ rẹ̀ lóhùn. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun fẹ́ pa Màmá ni, iyọ̀ gan-an ni òun ìbá máa bù sí i.

Kò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọláoyè wo ojú rẹ̀ títí, ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Ọláoyè jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Olúwadámisí, ọmọ wọn ọmọ ọdún méje, wà ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ orin. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kẹ̀kẹ́ ológeere tí ọkọ rẹ̀, tí ó ti dolóògbé, rà nígbà èwe wọn: bí ó ṣe gùn ún láti Ìkìrun lọ sí Ìràgbìjí láti lọ fi han àna, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró, tó wá gùn ún wọ àárín àwọn obìnrin tí ń yan gààrí. Ó yé Tèmidire pé ìtàn yìí ni Màmá fi ń tọrọ àlàáfíà. Ó tẹ orí mọ́ ẹ̀wà, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá ń sọ pé, nígbà tí kẹ̀kẹ́ náà ṣubú, bàbá Ọláoyè dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó ní—

Ohùn náà dá.

Tèmidire rò pé ẹ̀rín ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbójú sókè. Ẹnu Màmá là, ojú rẹ̀ là, kò sì wo nǹkan kan. Kí Tèmidire tó gbé atẹ kúrò lórí itan, Màmá ti yọ̀ bọ́ lórí àga bí aṣọ tó bọ́ lórí okùn. Èjìká ni Tèmidire fi gbà á tí orí rẹ̀ kò fi gbá sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò wúlò. Ó pè é, ó tún pè é. Ó sáré bu omi wá, ó dà á sí i lójú. Ohun tí ó rí nígbà náà ni kò ní gbàgbé láé: omi náà wọ inú ojú Màmá tó là sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ojú náà kò sì ṣẹ́.

Màmá wá mí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ariwo, bí ẹni tó sùn tó ń hanrun. Inú Tèmidire dùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ni ìrántí kan gún un lọ́kàn.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni báǹkì wọn pe nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Ọláwálé pé kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí ènìyàn lè ṣe bí ọkàn ẹnìkan bá dákẹ́ lójijì. Ọkùnrin náà gbé ọmọláńgidi rọ́bà kan tí kò lẹ́sẹ̀ wá, ó tẹ́ ẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní kí wọ́n máa tẹ àyà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín gan-an lọ́jọ́ yẹn. Bùsáyọ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ títí ọmọláńgidi náà fi fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tèmidire tẹ tirẹ̀ nítorí àwòrán tí wọ́n ń yà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá rí ẹni tó ṣubú, tí kò dáhùn, tí ó ń mí bí ẹni tí ń hanrun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó tàn wọ́n jẹ. Ó ní kì í ṣe ìmí. Ó ní kí wọ́n pe ènìyàn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó wà nítòsí ni Làmídì, ọmọ Ìwó tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi òòlù na ara ọkọ̀ tó wó títí yóò fi gún. Òòlù rẹ̀ ń dún lọ́wọ́ nígbà náà. Tèmidire ké pè é, òòlù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún ké. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òòlù dákẹ́, Làmídì sì dáhùn láti òdìkejì ògiri.

"Bọ̀dá Làmídì, Màmá ń kú lọ!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Màmá wọ súwẹ́tà tó nípọn lé bùbá nítorí òtútù, Tèmidire kò sì lè mọ ibi tí àárín àyà wà. Ó di súwẹ́tà àti bùbá mú, ó fà wọ́n sókè. Ó rí ọmú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtìjú ló mú un, kí ó tó rántí pé kò sí àyè ìtìjú mọ́, kí ó tó dá ojú padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà náà, ó fi ìkejì lé e, ó sì tẹ̀.

Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń tẹ búrẹ́dì wò lọ́jà bóyá ó ṣì rọ̀. Ó mọ̀ pé kò tó. Ó gbé ìdí sókè, ó na apá méjèèjì gbọnrangandan, ó fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ lé e. Ní bí ẹ̀ẹ̀kẹjọ, nǹkan dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí igi gbígbẹ tó kán.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó mọ ohun tó kán. Òun, ìyàwó ilé, ti fọwọ́ ara òun kán egungun àyà ìyá ọkọ òun. Ó wo ọwọ́ méjèèjì, ó sì dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Nọ́ọ̀sì Ọláwálé ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé egungun lè kán. Ó ní bó bá kán, kí ẹ má dúró, egungun a máa so padà. Tèmidire dijú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ń ka iye rẹ̀ sókè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn ní báǹkì, títí dé ọgbọ̀n, ṣùgbọ́n Yorùbá ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ó ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀kànlá, ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti gùn ju kí ó bá ọwọ́ rìn lọ, ó sì padà sí ení. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, títí dé ẹ̀wá, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Omijé ń kán sórí àyà Màmá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ nínú rẹ̀.

Ní àkókò yìí ni Ọláoyè dé. Kọ́kọ́rọ́ ibi tó ń kó ọ̀dà sí ló gbàgbé sílé, ó dé Sapele Road kó tó rántí, ó sì yí padà. Nítorí omi tó dúró níwájú géètì, ìta ló páàkì ọkọ̀ sí, ó ká ṣòkòtò, ó rin inú omi wọlé. Ìdí nìyẹn tí Tèmidire kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀.

Ohun tí Ọláoyè rí láti ẹnu géètì ni èyí: ìyá rẹ̀ nà gbalaja sílẹ̀, aṣọ ká sókè dé ọrùn rẹ̀, àyà rẹ̀ wà níhòòhò. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gún un láyà bí ẹni tí ń gúnyán. Ó sáré. Ó di Tèmidire mú ní irun àti ọrùn aṣọ, ó sì fi í sọ̀kò. Ìgbọ̀nwọ́ Tèmidire gbá òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ́jẹ̀.

"O ti pa ìyá mi," ni Ọláoyè wí.

Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó wólẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ó ń fa súwẹ́tà bò ó láyà. Tèmidire wo ojú ọkọ rẹ̀ láti ibi tó ṣubú sí. Ìbéèrè kò sí nínú ojú náà. Ó gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí, tí wọ́n jọ bímọ, ó rí ohun tó rí, ó sì gbà pé òun lè fọwọ́ pa ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù Màmá tó ń kú àti ẹ̀rù ojú yìí pàdé nínú Tèmidire, kò sì mọ èyí tó tóbi jù.

Ṣùgbọ́n ó fi orúnkún rìn padà lórí ẹ̀wà tó fọ́n sílẹ̀.

"Màmá ti kú, Bàbá Dámisí," ló wí. "Wọ́n ti lọ kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn padà."

Ọláoyè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rí omi tó dúró nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tú kúrò lára súwẹ́tà fúnra rẹ̀, ó wọ́ ìdí sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé kalẹ̀. Tèmidire ti ń tẹ̀.

Làmídì gba orí ògiri wọlé pẹ̀lú girisi lọ́wọ́. Ìwò kan péré ló wò, ó ní òun ń lọ gbé ọkọ̀, ó sì yí padà. Bọ́ọ̀sì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti yọ gbogbo àga inú rẹ̀ kí ó lè máa fi kó páànù ara ọkọ̀.

Apá Tèmidire ti ń gbọ̀n. Bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ báyìí kò tó ìdajì bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó wá gbà á lọ́wọ́ òun. Ọláoyè mi orí. Ó ní òun kò lè tẹ ìyá òun láyà. Tèmidire kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun nìkan ni, Màmá kò ní dé géètì láàyè. Ọláoyè wá kúnlẹ̀. Tèmidire mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sí ibi tó yẹ, ó fi tirẹ̀ lé e lórí, wọ́n jọ tẹ ẹ̀wá àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ló fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Làmídì gbé ọkọ̀ dé ẹnu géètì, ẹní tí Màmá wà lórí rẹ̀ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi gbé e wọ inú bọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó ronú kan ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Làmídì mọ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní GRA, ó sì tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó gba inú omi, ó gba orí kòtò, ó gba ojú ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fọwọ́ lé fèrè, kò gbé e kúrò, ó sì ń gbàdúrà ní èdè Lárúbáwá lábẹ́ ìmí. Lórí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, ọkọ àti ìyàwó ń gbà á fún ara wọn. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ẹni tí ń tẹ̀ yóò ṣubú, yóò tún dìde lórí orúnkún. Tèmidire ló ń kà á fún àwọn méjèèjì.

Wọn kò tíì yà kúrò ní títì ńlá nígbà tí egungun mìíràn kán. Abẹ́ ọwọ́ Ọláoyè ló ti kán lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tí iná jó, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ má dúró," ni Tèmidire wí fún un. "Ẹ̀fà. Èje. Ẹ má dúró."

Ọláoyè tún kúnlẹ̀ lé e.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló sáré jáde. Wọ́n gba Màmá lọ́wọ́ wọn, ọ̀kan nínú wọn gun orí bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń tì í lọ. Tèmidire dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò sí ẹni tó lé e. Ó rí i tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan dé, tí wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ méjì mọ́ Màmá lára, tí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Iná ta Màmá, ara rẹ̀ fò sókè díẹ̀, ó sì padà sílẹ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Iná tún ta á. Lẹ́yìn ìkẹta, dókítà, obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Edo, na ọwọ́ pé kí gbogbo wọn dúró. Ó fi ìka sí ọrùn Màmá. Ìyẹn pẹ́ jù lójú Tèmidire. Lẹ́yìn náà ni ìlà ojú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí dókítà jáde, ó bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló kọ́kọ́ tẹ àyà ìyá yìí. Tèmidire ní òun ni, ó sì ń retí ìbáwí. Dókítà náà ní egungun ìhà méjì ti kán, pé yóò dùn ún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ní òun kò tíì lè ṣèlérí, nítorí ọ̀pọ̀ irú wọn kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn láàyè. Ó ní àmọ́ bí kò bá sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Ó di ọwọ́ Tèmidire mú, ó sì rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ṣe é. Tèmidire ní òun ṣubú.

Dókítà náà padà sínú yàrá. Tèmidire jókòó sórí ilẹ̀ kọ́ridọ̀. Làmídì bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fi fẹ́ ẹ. Bí Tèmidire bá dijú, ojú tó kún fún omi ló ń rí, bó bá sì là á, ojú ọkọ rẹ̀.

Adéṣọlá, ẹ̀gbọ́n Ọláoyè obìnrin, ti Ìkìrun dé lọ́jọ́ Àìkú. Lórí fóònù ni Ọláoyè ti sọ fún un, pẹ̀lú ìpayà, pé Màmá ṣubú, Tèmidire sì tẹ̀ wọ́n láyà títí egungun wọn fi kán. Ọ̀rọ̀ egungun yìí nìkan ló rìn bá a dé Benin. Kò wọ yàrá tí ìyá rẹ̀ wà kí ó tó bá Tèmidire níwájú ilé ìwòsàn. Tèmidire kúnlẹ̀ kí i, kò dá a lóhùn.

"Ìyàwó wa, kí ni màmá wa fi ṣe ọ́?" ló bi í. Àwọn ènìyàn tó jókòó níbẹ̀ yíjú.

Tèmidire dìde. Ó wo ọkọ rẹ̀. Láti Sátidé, Ọláoyè kò tíì sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ra oògùn, ó ń gbé omi, bí ẹni tí ń rìn lójú oorun. Ó dákẹ́ nísinsìnyí pẹ̀lú. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Tèmidire fi rò pé bóyá ó ti parí láàárín àwọn méjèèjì.

Ọláoyè wá sọ̀rọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní òun bá wọn lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá kò mí mọ́, Tèmidire ló ń tẹ̀ wọ́n kí ẹ̀mí wọn lè padà. Ó ní òun di irun orí rẹ̀ mú, òun gbé e sọ mọ́ òpó. Ó ní láàárín ìgbà tí òun fi ń fa aṣọ bo Màmá láyà, kò sí ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n, òun ni òun sì dá a dúró.

"Ọ̀kan nínú egungun tí wọ́n ń sọ yẹn, èmi ni mo kán an," ló wí. "Ẹ má bi í ní nǹkan kan mọ́, Àǹtí mi. Èmi ni kí ẹ bi."

Adéṣọlá wo Tèmidire, ó wo báńdéèjì ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹrin ni Màmá tó mọ ibi tó wà dáadáa. Kò rántí Sátidé rárá. Ohun tó ń ráhùn lé lórí ni àyà rẹ̀. Ó ní ó dà bí ẹni pé ọkọ̀ agbépo gun òun kọjá, ó sì ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ta ló na òun. Gbogbo wọn ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, Adéṣọlá gbé omi gbígbóná wá láti fi nù ún lára. Màmá ní kí ó gbé e fún ìyàwó, kí ó sì jáde.

Tèmidire ti ìlẹ̀kùn. Ó rẹ tówẹ̀lì sínú omi, ó fún un, ó ń nu ọwọ́ Màmá láti èjìká wá. Nígbà tó kan àyà, ó dúró. Gbogbo ibẹ̀ ti dúdú, ó sì wú.

"Ṣé mo kú ni?" ni Màmá bi í.

"Ẹ kú, Màmá."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

Màmá yí orí padà. Ó wo òkè àjà. Tèmidire ń retí pé kí ó bínú, tàbí kí ó súre, kò sì mọ èyí tí òun lè gbà mọ́ra. Nígbà tó yá, màmá náà ní òjò wà lójú òun nínú oorun, pé ṣé òjò rọ̀ ni. Tèmidire ní omi ni òun dà sí wọn lójú. Màmá na ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ wà, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ náà lé àyà ara rẹ̀, lórí ibi tó wú gan-an. Ó dùn ún, ojú rẹ̀ fi hàn, ṣùgbọ́n kò gbé e kúrò. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí omi inú bàsíà fi tutù. Tèmidire ń gbọ́ ọkàn náà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń lù fúnra rẹ̀. Ẹkún tó ti há sí i láyà láti Sátidé wá jáde, Màmá sì jẹ́ kí ó sun ún.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ní ilé ìwòsàn. Dókítà fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní kí Màmá má tíì rìnrìn-àjò, ó sì tún sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ fún un lójú gbogbo wọn. Màmá jẹ oúnjẹ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yé fajú ro. Ọláoyè bẹ Tèmidire kí ó wá nọ́ńbà nọ́ọ̀sì Ọláwálé fún òun. Ní Sátidé kan, òun àti Làmídì àti àwọn márùn-ún mìíràn nínú àdúgbò kúnlẹ̀ yí ọmọláńgidi rọ́bà náà ká nínú ọgbà Làmídì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Ọláoyè tó lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wà ní kíṣìnì, àwọn méjì péré. Ó ní òun fẹ́ kí ó mọ̀ pé nígbà tí òun wọlé lọ́jọ́ yẹn, òun rò ó pé ó ń pa wọ́n ni. Kì í ṣe ìbínú, kì í ṣe ìpayà lásán. Òun rò ó, òun sì gbà á gbọ́.

"Mo mọ̀," ni Tèmidire dáhùn. "Mo rí i lójú yín."

Ọláoyè tẹrí ba. Ó bi í bóyá ó lè dárí ji òun.

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá Dámisí. Ara mi ni kò tíì mọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n bá jọ jẹun, kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá jọ sùn, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí Ọláoyè bá yọ sí i láti ẹ̀yìn, láìròtẹ́lẹ̀, ọwọ́ Tèmidire yóò ṣáà gbé ara rẹ̀ sókè bo irun rẹ̀, kó tó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ọláoyè rí i lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà, bó bá ti ọjà dé, kì í wọlé wẹ́rẹ́ mọ́. Yóò dúró lẹ́nu géètì, yóò gbóhùn sókè, yóò ní, "Èmi ni o, Ìyá Dámisí. Mo ti dé." Yóò sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ láti inú ilé.